Àpò Mi Ló Sunkún Lójú Gbogbo Ayé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi, torí èmi ni mo mọ ibi tó máa dùn mí jù.

Aránṣọ ni mí. Ìwé tí mo kà kò ju nọ́ńbà ara téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ lọ. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, eékún mi ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú ju sísọ́ọ̀sì lọ.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí. Láti kékeré ló ti ń bá mi wá gíláàsì ojú mi káàkiri ilé, gíláàsì tó jẹ́ pé orí mi ló sábà máa ń wà. Nígbà tó kàwé tán tó di onímọ̀ ẹ̀rọ, ó ní ìyà yẹn ti tó òun. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ṣe nǹkan kékeré kan, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Dámilóhùn ni wọ́n pè é.

Ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́kọ́rọ́ tàbí gíláàsì, tàbí ohunkóhun tó bá ń sá fún yín nínú ilé. Bó bá sọnù, tí kò sì jìnnà sí yín, ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ adìyẹ tí kò rí ìyá rẹ̀: pìyẹ́, pìyẹ́, pìyẹ́. Kò ní dákẹ́ àfi bí ẹ bá rí i, tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì, ọ̀kan ló ń polówó iṣẹ́ wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Èéfín, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Èkejì ni Jẹ́jẹ́. Òun ló ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà inú bọ́tìnnì mọ́ra, òun ló sì ń ṣọ́ gbogbo bọ́tìnnì náà. Bí ìbéèrè bá ṣeé fi orí dáhùn, Jẹ́jẹ́ kì í fi ẹnu dáhùn ún.

Iṣẹ́ tèmi ni láti rán àpò aṣọ tíntìntín tí wọ́n máa kó bọ́tìnnì sí. Wọ́n fún mi ní igun kan lẹ́bàá fèrèsé, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, etí mi sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ nígbà náà. Ọmọ ọmọ mi á dìde, á kọ́wọ́ sẹ́yìn, á ní: "Kí ló máa jẹ́ kí àwọn ará orí ayélujára rántí wa?"

Ẹgbẹ́ kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù bí ẹni ń bẹ̀rù ìyá ọkọ. Àwọn Olójú Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n pọ̀ bí eṣú, wọn ò mọ ara wọn lójú, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa wo ẹ̀rọ tuntun tó bá jáde, kí wọ́n gbé e ga tàbí kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á wò ó, wọ́n á yán, wọ́n á fi ìka tì í kọjá. Lọ́jọ́ kejì, àfi bíi pé kò jáde rí.

"Èéfín!" ni ọ̀kan yẹn pariwo. "Iná á kú. Èéfín á máa tú jáde díẹ̀díẹ̀. Orin á wọlé gbàmù!"

"Ṣé ilé ló ń jó ni?" Èmi nìyẹn, láti ìdí ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rán àpò."

Jẹ́jẹ́ gbé orí sókè. "Ká kàn jẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́." Èéfín ti ń wá orin lórí fóònù.

Ọmọ ọmọ mi wá sí ìdí ẹ̀rọ mi. "Màmá, bí wọ́n bá rí i ṣáájú ọjọ́ ìkójáde, ọjọ́ tí a máa fi han gbogbo ayé, ó ti di ìròyìn àná nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo ní ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni."

"Èmi? Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ikùn mi jìn ju kànga lọ."

Kànga náà nìyí, ẹ wá wo bó ṣe jò.

Àwa ìyá àgbà kan jọ ní ẹgbẹ́ tiwa lórí fóònù. Ohùn la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí púpọ̀ nínú wa, lẹ́tà àti ojú wa kò rẹ́ mọ́. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jẹ gàba lé wa lórí. Kò sí ìròyìn tí kì í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa gba nǹkan tuntun kí ẹlòmíràn tó rí i.

Lọ́jọ́ kan ó fi àwòrán fóònù kan ránṣẹ́ tó ń ká sí méjì. "Aránṣọ, ìwọ tó ń ká aṣọ látọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ǹjẹ́ o mọ̀ pé fóònù náà ti ń ká?"

"Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́," ni mo fi fèsì. Irọ́ ni.

"Tipẹ́ wo? Ìwọ tó jẹ́ pé bí ìròyìn bá gbó tán ló ń tó wá sùn lọ́dọ̀ rẹ? Aránṣọ Ìròyìn Àná!"

Gbogbo wọn da àwọn orí pupa rúsúrúsú tó ń fi ẹ̀rín sunkún yẹn lé mi lórí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti kí wọn "ẹ kú àárọ̀", ẹnì kan á fèsì pé, "Ti àná ni àbí tòní?"

Ẹ gbà mí gbọ́, ó dùn mí. Àgbà tó ti sin ọkọ, tó ti tọ́ ọmọ, tó tọ́ ọmọ ọmọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi àti Èéfín lọ wo gbọ̀ngàn tí wọ́n máa lò. Ó ku èmi àti Jẹ́jẹ́, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi. Àwọn bọ́tìnnì wà nínú àwo lórí tábìlì, wọ́n tò bí ẹyin. Ọwọ́ mi kàn ṣèèṣì wọ inú àwo.

Rárá o, ẹ má jẹ́ kí n tún máa purọ́ fún yín. Ọwọ́ kì í ṣèèṣì. Mo mú ọ̀kan, nọ́ńbà keje ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú àpò mi. Mo ní mo yá a ni. Ẹ wá olè kan fún mi tí kì í yá nǹkan.

Nílé, mo rán aṣọ ìrọ̀rí tuntun fún fídíò tí mo fẹ́ ṣe, nítorí tèmi ti gbó débi pé òwú ń yọjú níbẹ̀, ọmọ ọmọ mi ì bá sì ti dá a mọ̀. Mo ti bọ́tìnnì sábẹ́ ìrọ̀rí, mo tẹ nọ́ńbà, mo ká gbogbo ẹ̀ sínú fóònù, ọwọ́ mi nìkan ló hàn bó ṣe fà á jáde. N kò fọhùn nínú fídíò. Ẹ rí i pé olè tó gbọ́n ni mí.

Ohùn ni mo wá fi tẹ̀ lé e: "Ẹ̀yin ìyá, Ìròyìn Àná ti mú ìròyìn ọ̀la dé o! Kò sẹ́ni tó tíì rí irú èyí. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde níbí."

Áà, ẹ ì bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo! Nígbà tó yá, Agbẹ̀bí béèrè jẹ́ẹ́jẹ́: "Ibo lo ti rí i?"

"Ibi tí wọ́n ti ń rí nǹkan ni."

Mo jó yí yàrá ká, èmi nìkan, pẹ̀lú eékún mi.

Kò sí ẹni tó tú àṣírí mi o. Olúkúlùkù wọn ló búra bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni ọ̀kan fi ránṣẹ́ sí. Ọmọ rẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ ni èkejì fi ránṣẹ́ sí. Agbẹ̀bí ní àwọn tí òun gbẹ̀bí wọn nìkan ni òun fi hàn. Ẹ ṣírò ìyẹn.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ojú ọmọ ọmọ mi ti wú. Fídíò ìrọ̀rí ti wà lọ́dọ̀ àwọn Olójú Ẹ̀rọ. Wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé adìyẹ tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí yìí ni wọ́n ní ká wá wò?"

"Nọ́ńbà keje ló hàn níbẹ̀," ni Èéfín wí. "Ta ló ń ṣọ́ wọn?"

Gbogbo ojú yí sí Jẹ́jẹ́. Ó wo inú àwo, keje kò sí níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kò sí ohun tó ké, nítorí ó wà nílé mi, ó ń sùn lórí ìrọ̀rí tuntun.

"Tú àpò rẹ ká wò ó," ni Èéfín wí.

Jẹ́jẹ́ tú àpò rẹ̀ sórí tábìlì. Ike oúnjẹ, súwẹ́tà tó ya lápá, òòyà, àti oògùn ikọ́ tó rà fún ìyá rẹ̀. Ó ń mú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bọ́ra níwájú ènìyàn.

Ọmọ ọmọ mi kọjú sí mi. "Màmá, ẹ wà níbí lánàá. Ta lẹ rí lẹ́bàá àwo yẹn?"

Ife tíì wà lọ́wọ́ mi. Mo wo inú rẹ̀ bíi pé wọ́n kọ ìdáhùn sí ìsàlẹ̀ ife.

"Òun nìkan ni mo rí," ni mo wí.

Òótọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ènìyàn kì í rí ara rẹ̀.

Wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ máa lọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sínú àpò, ó ní, "Màmá, ó dàbọ̀ o," ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Mo mu tíì mi tán. Ó gbóná ni mo ṣe ń sunkún, bí mo ṣe sọ fún ara mi nìyẹn.

Èéfín tún lọ kọ ọ́ fún àwọn Olójú Ẹ̀rọ pé àwọn ti mú olè náà, ẹni tó ń lẹ wáyà fún àwọn ni, àwọn sì ti lé e.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ̀rọ̀. Mo ní ètò. Mo fẹ́ mú bọ́tìnnì náà dání lọ́jọ́ ìkójáde, kí n rọra jẹ́ kó já bọ́ sáàárín àwọn ìyókù nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe kìràkìtà. Wọ́n á rí i, wọ́n á ní, "Áà, ó wà níbí látọjọ́ yìí!" Wọ́n á pe Jẹ́jẹ́ padà. Kò sẹ́ni tí ojú máa tì. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àgbà!

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi mí sí, Agbẹ̀bí jókòó tì mí, nítorí èmi fúnra mi ni mo pè é kó wá rí bí ilé wa ṣe ga tó. Kámẹ́rà ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí ayélujára, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ sì ń yí lọ lára ògiri ńlá.

Iná kú. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Àwọn ará iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọmọ ọmọ mi jáde láti inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ dúdú, ó ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ gàgàrà nípa ọjọ́ iwájú ẹ̀dá ènìyàn. Mo sùn díẹ̀.

Nígbà tí mo lajú, Agbẹ̀bí ń ka ara ògiri sí mi létí. "Wọ́n ní èéfín yìí ń ta àwọn lójú láti inú fóònù. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n dá àwọn sílẹ̀ kí àwọn lọ jẹun." Ó tún wo ògiri. "Wọ́n ti ń lọ o. Ìdajì wọn ti lọ."

Lẹ́yìn náà ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ìrọ̀rí dà?" Òmíràn kọ ọ́: "Ẹ pe keje!" Kíá, ara ògiri kún: Ẹ pe keje. Ẹ pe keje. Ẹ pe keje.

Òógùn bo ọmọ ọmọ mi. "Keje ti sọnù," ló wí. "Wọ́n jí i ni. Kò lè dáhùn. Ó dáa, ẹ wò ó, mo tẹ̀ ẹ́."

Pìyẹ́. Pìyẹ́. Pìyẹ́.

Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo jókòó lé e. Ó ń ké lábẹ́ ìdí mi bí adìyẹ tó ń pa ẹyin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ kí n lè fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

"Aránṣọ," ni Agbẹ̀bí wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, "àpò rẹ ń sunkún."

"Adìyẹ ni," ni mo wí. "Mo... mo ra ọmọ adìyẹ kan lọ́nà."

Kámẹ́rà yí sí mi. Mo rí ojú ara mi lára ògiri, ó tó ilẹ̀kùn ńlá, ẹnu là sílẹ̀.

"Màmá," ọmọ ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ wá, ó dúró níwájú mi. "Ẹ dìde. Ẹ ṣí àpò yín."

Mo ṣí i. Gbogbo ayé rí ohun tó wà níbẹ̀: téèpù, òwú dúdú, súìtì tó ti lẹ̀ mọ́ ìwé, gíláàsì tí mo ti ń wá láti àárọ̀, àti keje, ó ń ké tòò.

Wọ́n gbé gbohùngbohùn sí mi lẹ́nu. Ẹ mọ̀ mí tán báyìí, ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé irú nǹkan yẹn sí mi lẹ́nu, mo máa lò ó. Mo ní, "Èmi ni olè náà. Agbẹ̀bí tó jókòó yìí ló ń pè mí ní Ìròyìn Àná. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti ṣáájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìrọ̀rí yẹn, èmi ni mo rán an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bó ṣe gún." Mo tẹ bọ́tìnnì náà. "Nǹkan yìí kì í ṣe ẹ̀tàn o. Ó wá olè rí."

Gbọ̀ngàn dàrú. Ara ògiri ń yí débi tí a ò lè kà á mọ́. Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, fídíò àpò mi ti lọ ibi tí èmi kò ní dé láyé mi. Àwọn Olójú Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń yán, wọ́n ń ra Dámilóhùn, wọ́n ń béèrè fún keje gan-an.

Èéfín gbá mi mọ́ra. "Màmá, ẹ̀yin ni èéfín! Wọn ò lè gbàgbé wa láé!"

Mo wú bí búrẹ́dì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún irun mi ṣe kí n tó jáde. Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ní kí n bá àwọn ìbátan òun ya fọ́tò.

Ọmọ ọmọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Mo lọ bẹ Jẹ́jẹ́ kó padà," ló wí. "Ó ní rárá. Màmá, ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ dárúkọ Agbẹ̀bí, ẹ dárúkọ ìrọ̀rí, ẹ ò dárúkọ rẹ̀?"

Mo lọ. Òkè ilé ìtúnbàtàṣe kan ni Jẹ́jẹ́ ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó fún mi ní àga, ó ní kí n jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwàdà, torí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

"Mo rí fídíò yẹn, Màmá," ló wí. "Mo rẹ́rìn-ín pàápàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo tú àpò tèmi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ń mu tíì."

Ẹnu mi, ẹnu tó mú yẹn, kò rí nǹkan gé.

"Ọmọ mi, kí ni kí n ṣe?"

"Ilé iṣẹ́ kan ti fẹ́ gbà mí. Wọ́n rí ohun tí Èéfín kọ, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ènìyàn pé èmi kọ́ ni. Ẹ má fi àwàdà sí i."

Mo délé, mo gbé fóònù kalẹ̀ níwájú mi. Ẹ ò mọ bó ti le tó! Bí mo bá ti sọ gbólóhùn méjì, àwàdà á ta pọ́ún sí mi lẹ́nu, màá tún pa á rẹ́, màá tún bẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn mo sọ ọ́ ní gbígbẹ: pé èmi ni mo jí i, pé wọ́n bi mí ní ìbéèrè, pé mo fi ìdáhùn mi lé aláìṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi í sáàárín àwọn Olójú Ẹ̀rọ kan náà.

Àwọn tó wò ó kò kún ilé mi. Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Màmá, èyí ò pani lẹ́rìn-ín o. Àpò dà?"

Nígbà náà ni mo mọ ohun tí àwọn ọmọ yẹn ti ń wá kiri látọjọ́ yìí. Ohun tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni wọ́n ń rántí. Ẹni tí ẹ̀rín náà tẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí lójú fídíò.

Mo wọ bàtà mi, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé iṣẹ́ tó kọ̀ ọ́. Ọ̀gá ibẹ̀ rí mi, ó fò dìde. "Màmá Àpò! Ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò!"

"Fọ́tò kọ́ ni mo bá wá, ọ̀gá," ni mo wí. "Ẹ jókòó." Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àwo títí dé orí ife tíì. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo parí. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ wá lọ́jọ́ Ajé.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí, wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ dáadáa. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n bá mi gbé èyí jáde fún yín ni pé ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní sùúrù ju àwọn tó ń fi ìka ti nǹkan kọjá lọ. Bí wọ́n bá fi fídíò àpò mi hàn yín, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ìyókù fún ẹni tó fi hàn yín.

Mo pàdé Jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó dúró, ó tẹrí ba, ó béèrè eékún mi, ó ní kí n kí ọmọ ọmọ mi. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Bí mo sì ṣe sún mọ́ ọn láti dì mọ́ ọn, ó rọra gbé àpò rẹ̀ kúrò ní èjìká ọ̀dọ̀ mi, ó gbé e kọ́ èkejì.